Wọ́n Ní Mo Ń Sá Kúrò Nílé Ọkọ

Ẹ gbà mí o! Wọ́n mú mi lójú títì lónìí, èmi ìyàwó tuntun!

Mò ń sáré láti Tudun Wada lọ sí Dakace láàárọ̀, nítorí ìdajì máratọ́ọ̀nù tí mo fẹ́ sá fún ìgbà àkọ́kọ́. Àfi bí Ìyá Sùlé, aládùúgbò wa, ṣe dì mí mú.

"Haba, ìyàwó! Ṣé ọkọ rẹ nà ọ́ ni?"

"Rárá, mà. Eré ìje ni mò ń kọ́."

"Irọ́! Jẹ́ ká lọ bẹ ọkọ rẹ."

Ó wọ́ mi délé. Ọkọ mi jáde, ó fi ìró mi pọn ọmọ kékeré tí ó ti bí kí ó tó fẹ́ mi.

"Ìyá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi í sílẹ̀. Kò tíì sáré tòní tán!"

Ìyá Sùlé tú ọwọ́ mi sílẹ̀. Ayọ̀ kún inú mi, mo tún sáré jáde.

Ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi, ta ló ń kọ ọkọ láìgbé ẹrù? Ẹ dá mi lóhùn o!