Pè É Kó O Tó Ṣí I

Títí dòní, bí ẹnikẹ́ni bá fi fáìlì ránṣẹ́ sí mi lórí í-meèlì, ohùn bàbá ọkọ mi ni mo kọ́kọ́ máa ń gbọ́: "Ta ló fi í ránṣẹ́? Pè é kó o tó ṣí i."

Fáírọ́ọ̀sì ti ba kọ̀ǹpútà wọn jẹ́ rí nílé wọn ní Ẹ̀pẹ́. Inú fọ́tò tí wọ́n rò pé ọ̀rẹ́ wọn fi ránṣẹ́ ló ti wọlé. Láti ìgbà náà, wọn kì í ṣí ohunkóhun láìkọ́kọ́ pe ẹni tó ni ín. Àbúrò ọkọ mi obìnrin, tó ń gbé ní Lọ́ńdọ̀nù, ni wọ́n ń pè jù.

"Ṣé ìwọ lo fi fọ́tò ránṣẹ́?"

"Èmi ni, Bàbá. Ṣé ẹ ò rí orúkọ mi níbẹ̀ ni?"

"Olè náà mọ orúkọ ẹ."

A máa ń rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni mo kọ́ àwọn ọmọ mi nílé wa ní Ìkòròdú.

Nígbà tí àìsàn pa àbúrò ọkọ mi náà, a bá fọ́tò kan nínú í-meèlì Bàbá lẹ́yìn ìsìnkú. Òun fúnra ẹ̀ ló fi í ránṣẹ́ láti ọsibítù kó tó kú. Ọkọ mi yẹ̀ ẹ́ wò, ó ní kò sí fáírọ́ọ̀sì nínú ẹ̀.

Bàbá gbé fóònù, wọ́n tún gbé e kalẹ̀.

"Ta ni mo máa pè?"

Wọ́n jáde sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, wọ́n kẹ̀yìn sí wa.

"Ẹ ṣí i. Ṣé ó ń rẹ́rìn-ín?"

"Ó ń rẹ́rìn-ín, Bàbá."

Wọn ò wọlé títí ilẹ̀ fi ṣú.