Ààlè Àdán

Ọ̀sẹ̀ tí a kó dé Ìjù ní Ọ̀tà gan-an ni ètè mi méjèèjì lẹ̀ mọ́ra lójú Àlàájà onílé wa. Ẹ̀bi mi ni. Mo rí agbálùmọ̀ lórí igi ẹ̀yìnkùlé, ó pọ́n dáadáa, ẹ̀ka rẹ̀ sì wálẹ̀. Mo nawọ́, mo ká a, mo gé e jẹ. Ó kan débi pé omi bọ́ lójú mi, oje rẹ̀ sì mú mi lẹ́nu bí àtè. Àlàájà jókòó sórí àpótí lẹ́nu ọ̀nà ilé ìdáná rẹ̀, ó ń wò mí títí mo fi jìyà mi tán.

“Ìyàwó,” ó ní, “Èkó lo ti wá, àbí?”

Mo kàn mi orí ni, nítorí ẹnu mi kò ṣeé là.

“A kì í ká agbálùmọ̀. À ń dúró dè é ni. Bó bá gbó, á wá bá ọ nílẹ̀.”

Bí èmi àti Àlàájà ṣe mọ ara wa nìyẹn. Nígbà yẹn, Ọ̀tà ń gbòòrò lójú wa báyìí. Ìjọ kan á kọ́ gbọ̀ngàn, òmíràn á kọ́ èyí tó jù ú lọ, yunifásítì sì dé pẹ̀lú àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tí wọ́n ń wá yàrá kiri bí ẹni ń wá abẹ́rẹ́. Ọkọ mi rí iṣẹ́ ní ọ́fíìsì ìjọ wa, èmi náà rí tèmi ní ilé ìkàwé yunifásítì. A kó kúrò ní Sùúrùlérè, a gba yàrá méjì àti pálọ̀ nílé Àlàájà. Ọmọ Ọ̀tà pọ́ńbélé ni, Mùsùlùmí láti ọ̀dọ̀ bàbá ńlá rẹ̀. Ó ti lọ sí Mẹ́kà, ó ti ta àwo àti ìkòkò títí eékún rẹ̀ fi kọ̀ ọ́ sílẹ̀, ahọ́n rẹ̀ sì mú ju abẹ lọ. Nígbà tí ibà dá mi dùbúlẹ̀ ní oṣù kẹta tí a dé, òun ló fọ aṣọ mi, tó sì fi ọwọ́ ara rẹ̀ bu ẹ̀kọ sí mi lẹ́nu, tó ń bú mi bó ṣe ń bù ú. Láti ọjọ́ náà ni mo ti fẹ́ràn rẹ̀.

Ọkọ rẹ̀ tó ti di olóògbé ló ni igi agbálùmọ̀ náà. “Ó sọ fún gbogbo ayé pé òun gbìn ín,” Àlàájà sọ fún mi. “Irọ́ ni o. Ó jẹ ẹ́ tán, ó tu kóró rẹ̀ sẹ́yìn ilé, ó bá hù. Ṣé gbígbìn nìyẹn?” Àmọ́ bó bá ń gbálẹ̀ ìdí igi yẹn, ó máa ń rọra gbá a ni. Láti ìgbà tí bàbá náà ti kú, lọ́dọọdún, ní ọjọ́ Jímọ̀ kan láàárín ìgbà agbálùmọ̀, ó máa ń fi apẹ̀rẹ̀ kan ṣe sàráà fún àwọn ọmọ ilé-kéwú.

Ìṣòro ibẹ̀ ni pé bí a ṣe ń dúró de agbálùmọ̀ kó jábọ́, àwọn mìíràn náà ń dúró dè é. Ọ̀kẹ́rẹ́ ń jẹ ẹ́ lọ́sàn-án. Òkété ń ṣa èyí tó bá jábọ́. Àdán ni ọ̀gá gbogbo wọn. Bí oòrùn bá ti ń rọ̀, ẹ̀ ó rí wọn tí wọ́n ń bọ̀ lókè àwọn ilé iṣẹ́, wọ́n á dorí kodò sára ẹ̀ka, wọ́n á máa jẹ, wọ́n á máa tu èèpo sórí aṣọ tí mo sá. Odidi ọdún méjì ni Àlàájà fi ra agbálùmọ̀ lọ́jà ṣe sàráà ọkọ rẹ̀.

Èyí ló fún ọmọ rẹ̀ lẹ́nu ọ̀rọ̀. Àkọ́bí Àlàájà ń kọ́lé fún ènìyàn, kì í sì í ṣe ènìyàn burúkú. Ó kàn rí ẹ̀yìnkùlé ìyá rẹ̀, ó rí yàrá mẹ́fà fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ níbẹ̀, ó sì rí igi tó dí i lọ́nà. Ó wá ní ìgbà ọyẹ́, ó dúró sábẹ́ igi.

“Ìyá mi, igi Bàbá dúró síbí, àdán ló ń bọ́. Ẹ̀yin ń ra agbálùmọ̀ lọ́jà. Tí apẹ̀rẹ̀ kan ò bá kún lábẹ́ ẹ̀ kí sàráà ọdún yìí tó pé, mo máa gé e o.”

“Ó dáa,” Àlàájà ní. Kò jiyàn rárá, ohun tó sì dẹ́rù bà mí nìyẹn, nítorí mi ò tíì rí ọjọ́ tí Àlàájà kò jiyàn. Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, mo rí i tó fọwọ́ ti igi yẹn, tó kàn dúró síbẹ̀.

Mo pinnu nínú ara mi pé apẹ̀rẹ̀ yẹn á kún.

Mo kọ́kọ́ gba àpò àwọ̀n tí wọ́n fi ń kó àlùbọ́sà lọ́wọ́ àwọn Hausa ní Ṣàngó, mo fi wé àwọn ẹ̀ka tí ọwọ́ mi tó. Àwọn àdán bá bọ́ sókè, níbi tí ọwọ́ mi kò tó. Mo wá kó àwọn síìdì ìwàásù tó ti bàjẹ́ láti ọ́fíìsì ọkọ mi, mo fi okùn so wọ́n kọ́ káàkiri, nítorí mo gbọ́ pé ohun tó ń kọ mànà máa ń lé ẹyẹ. Òótọ́ ni, ó lé ẹyẹ. Àmọ́ àdán kì í ṣe ẹyẹ, ìgbà tí oòrùn bá sì wọ̀ ni wọ́n ń dé, nígbà tí síìdì kò kọ mànà mọ́. Ọkọ mi wo igi, ó wò mí.

“Ṣé o fẹ́ kí àdán gba Jésù ni?”

Ní ọjọ́ Àìkú kan tí Àlàájà lọ kí ọmọ rẹ̀ obìnrin ní Ifọ̀, a ti ṣọ́ọ̀ṣì dé, mo sì ronú kan ohun tó máa pariwo. Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé rẹ̀ bó ṣe rí, nítorí ohun gbogbo tí mo lò ló ní ìdí. Mo mú ìkarahun ìgbín mẹ́ta, nítorí pé wọ́n á máa kan ara wọn. Mo mú ṣùkù àgbàdo méjì láti fi lù wọ́n. Mo mú àkísà pupa kan, nítorí wọ́n ní ẹranko ń bẹ̀rù pupa. Mo mú ẹsẹ̀ kan nínú sílípáàsì mi tó ti já, kí atẹ́gùn lè máa rí nǹkan gbá. Okùn wọn sì ń lọ́ mọ́ra, ni mo bá mú ààbọ̀ òòyà onígi kan tó ti kán, mo fi eyín rẹ̀ ya okùn kọ̀ọ̀kan sọ́tọ̀. Mo gun àga, mo so gbogbo rẹ̀ kọ́ ẹ̀ka tó kọjú sí ọ̀nà ẹsẹ̀ tí àwọn òṣìṣẹ́ ń gbà lọ síbi iṣẹ́. Inú mi dùn sí iṣẹ́ ọwọ́ mi. Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, àdán kan wá, ó dorí kodò sára okùn náà gan-an, ó ń jẹ agbálùmọ̀ rẹ̀. Àwọn àgbà ní àdán dorí kodò, ó ń wo ìṣe ẹyẹ. Ìṣe tèmi ni eléyìí ń wò.

Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Jímọ̀ ni Àlàájà dé láti Ifọ̀. Ilẹ̀ ti ń ṣú, kò yọjú sí ẹ̀yìnkùlé. Ní àárọ̀ Sátidé, ọmọ rẹ̀ dé pẹ̀lú agégi kan láti Joju, ọmọ iṣẹ́ kan sì gbé ẹ̀rọ ìgégi tẹ̀ lé wọn. Ó ku ọjọ́ mẹ́fà kí sàráà pé, apẹ̀rẹ̀ wa kò sì tíì dé ìdajì.

“Ọjọ́ mẹ́fà ló kù,” Àlàájà ní.

“Ìyá mi, òní nìkan ni agégi ráyè. Ṣé ọjọ́ mẹ́fà ni apẹ̀rẹ̀ yìí máa fi kún?”

Agégi tan ẹ̀rọ rẹ̀, ó ń yí igi ká láti mọ ibi tó máa wó sí. Bó ṣe dé apá tó kọjú sí ọ̀nà, ó dúró gbọnrangandan. Ó pa ẹ̀rọ, ó sì fi ẹ̀yìn rìn ní ìṣísẹ̀ mẹ́rin.

“Ẹ̀gbọ́n, ta ló so ààlè mọ́ igi yìí?”

“Ààlè wo?”

“Ẹ̀yin náà ẹ wò ó. Òòyà, sílípáàsì, ìkarahun, ṣùkù, àkísà pupa. Kí ló tún kù?”

Ọmọ iṣẹ́ rẹ̀ ti gbé ẹ̀rọ sọ́rùn. “Oga, I no dey touch am o. I get pikin for house.”

Ọmọ ìgboro Èkó ni mí, nọ́ọ̀sì ló bí mi. Mo ti gbọ́ ọ̀rọ̀ yẹn rí, mo mọ̀ pé ààlè ni ohun tí olóko ń so mọ́ ohun ìní rẹ̀ kí olè má bàa fọwọ́ kàn án, pé ẹni tó bá kọjá rẹ̀, ohun tó bá rí kó fara mọ́ ọn. Àmọ́ mi ò fi ojú rí i rí láyé mi. Mo lọ fi ọgbọ́n orí ara mi so ààlè pípé, kò ku ẹyọ kan.

Àsìkò yẹn ni arábìnrin kan láti ìjọ wa wọlé, tó wá pè mí kí a jọ lọ tún ilé ìjọsìn ṣe. Ó tẹ̀ lé ojú gbogbo wa, ó rí ohun tí a ń wò.

“Ẹ̀jẹ̀ Jésù! Ta ló so irú èyí?”

Ẹnu mi tún lẹ̀, bíi ti ọjọ́ àkọ́kọ́. Bí mo bá ní ohun ìṣeré lásán ni, pé àdán ni mo fi ń lé, agégi á tan ẹ̀rọ rẹ̀. Bí mo bá ní èmi ni mo so ó, tí mo sì dákẹ́, kí oòrùn tó wọ̀, gbogbo ìjọ á ti gbọ́ pé ìyàwó òṣìṣẹ́ ọ́fíìsì wọn ń so ààlè. Mo wo Àlàájà. Ó ń wo sílípáàsì mi tó ń yí nínú atẹ́gùn.

“Èmi ni mo so ó,” Àlàájà ní.

“Ìyá mi, ẹ̀yin? Odindi Àlàájà?”

“Èmi ni. Ẹni tó bá fọwọ́ kan igi ọkọ mi kí sàráà tó pé, kó má bi mí léèrè ohun tó bá rí o.”

Ọmọ rẹ̀ rìn lọ síbẹ̀. Ó di sílípáàsì náà mú, ó wo abẹ́ rẹ̀, ó pẹ́ tó ti ń wò ó. Lẹ́yìn náà ló jọ̀wọ́ rẹ̀.

“Ó dáa,” ó ní fún agégi. “Ẹ máa kó ẹ̀rọ yín lọ.”

Mo bá arábìnrin náà lọ tún ilé ìjọsìn ṣe. Gbogbo ohun tí mo nù lọ́jọ́ náà, ojú ń tì mí ni mo fi nù ún. Nígbà tí mo padà dé, mo bá Àlàájà ní ilé ìdáná, mo kúnlẹ̀.

“Ta ló kọ́ ọ?” ó bi mí.

“Ẹnikẹ́ni kò kọ́ mi, Ìyá. Àdán ni mo fẹ́ lé.”

Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi di ògiri mú. “Àdán ò mọ ààlè, ìyàwó! Ènìyàn ló mọ̀ ọ́n!”

“Ẹ̀yin kọ́ lẹ so ó. Kí ló dé tẹ́ ẹ gbà á sọ́rùn?”

“Èmi ti dàgbà. Bí wọ́n bá ní mo ń so ààlè, wọ́n á ní ogbó ni. Ìwọ, wọ́n á lé ọkọ rẹ níbi iṣẹ́.” Ó nu ojú rẹ̀. “Dìde, lọ wẹ̀. Òórùn ọṣẹ ṣọ́ọ̀ṣì ń run lára rẹ.”

Kò gbà á sọ́rùn lọ́fẹ̀ẹ́. Àwọn obìnrin àsálátù bi í léèrè bóyá òótọ́ ni, wọ́n sì fi ojú ẹ̀gbẹ́ wò ó fún ìgbà pípẹ́. Kò dárúkọ mi. Èmi náà kò jẹ́wọ́ fún ẹnikẹ́ni, mo sì ń fi èyí bú ara mi títí dòní.

Àwọn tó ń gba ọ̀nà ẹsẹ̀ kò tíì kíyè sí ààlè náà láàárín àwọn síìdì, àmọ́ ariwo tí agégi yẹn gbé lọ sí ìgboro ṣe ohun tí gbogbo ọgbọ́n mi kò lè ṣe. Láti ọjọ́ kejì, bí a bá jí, agbálùmọ̀ kún ilẹ̀ lọ súà. Àdán jẹ tirẹ̀, òkété jẹ tirẹ̀, síbẹ̀ ó pọ̀. Ìgbà yẹn ló tó yé wa pé àdán ẹlẹ́sẹ̀ méjì ló ń gba ọ̀nà ẹsẹ̀ yẹn kọjá láàárọ̀, tó ń ṣa á sápò. Kí ọjọ́ Jímọ̀ tó pé, apẹ̀rẹ̀ kún dẹ́nu. Àwọn ọmọ ilé-kéwú jẹ ẹ́, wọ́n tu kóró káàkiri, Àlàájà sì ń pariwo lé wọn lórí pé kí wọ́n máa tu ú bí ọkọ òun ṣe ń tu ú.

Ọmọ rẹ̀ kò mẹ́nu kan igi mọ́. Yàrá mẹ́ta ló kọ́, ó fi igi náà sílẹ̀.

Ó ti pẹ́ tí a ti kọ́ ilé tiwa, Àlàájà náà sì ti lọ bá ọkọ rẹ̀. Ní ìgbà ọyẹ́ tó kọjá, ọmọ rẹ̀ pè mí lórí fóònù. Ó ní sàráà ìyá àti bàbá òun ti ń súnmọ́lé.

“Àǹtí, sílípáàsì yẹn ti já bọ́. Ẹ bá wa wá so òmíràn.”

“Kí ló dé tí ìwọ kò so ó? Ààlè ìyá rẹ kọ́ ni?”

Mo gbọ́ ẹ̀rín nínú ohùn rẹ̀.

“Àǹtí, mo wo bàtà yẹn lọ́jọ́ náà. Ẹsẹ̀ ìyá mi kò kéré tó bẹ́ẹ̀.”

Mo jókòó sẹ́nu ọ̀nà, mo sunkún, mo sì rẹ́rìn-ín. Lẹ́yìn náà ni mo wo sílípáàsì tó wà lẹ́sẹ̀ mi. Tuntun ni, kò tíì já. Mo bọ́ ẹsẹ̀ kan, mo sì fi í sínú báàgì.