Ràzíátù, Agbẹnusọ Ọmọ Ọlọ́mọ

Ní Alabar, àdúgbò wa ní Kumasi, Ràzíátù ni ọ̀rẹ́ mi yìí ń jẹ́. Bó bá ti kiri ìbòrí tó ń tà dé ọjà Kejetia, ó di Abena, nítorí ọjọ́ Ìṣẹ́gun ni wọ́n bí i, ọjọ́ ìbí ni àwọn Àṣáńtí sì fi ń sọ ọmọ lórúkọ. Bẹ́ẹ̀ ni ti gbogbo àwa ọmọ Yorùbá tí wọ́n bí sí Kumasi: orúkọ kan fún ilé, òmíràn fún ìta.

Ọdún mẹ́fà ló ti ń gbẹnu sọ fún àwọn ọmọ tí ìjọba fi sọ́dọ̀ alágbàtọ́, ọ̀fẹ́ ló sì ń ṣe é. Á bẹ̀ wọ́n wò lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, á dúró níwájú adájọ́, á sọ ohun tó máa ṣe wọ́n lóore. Oníjà ni. Èmi tí mò ń ránṣọ nínú ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ máa ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́ pé adájọ́ gan-an ń sá fún un.

Lọ́dún tó kọjá, wọ́n rí ọmọbìnrin ọlọ́dún mẹ́rin kan ní ibùdókọ̀ Kejetia. Ọlọ́pàá fi Twi, èdè àwọn Àṣáńtí, bi í lórúkọ, ó ní, "Yaa." Bó ṣe di Yaa, ọmọ Ọjọ́bọ̀, nínú fáìlì nìyẹn. Wọ́n fi í sọ́dọ̀ alágbàtọ́ kan, Efua, níbi tí kì í ti í sọ̀rọ̀ púpọ̀. Ràzíátù wá ẹbí rẹ̀ títí. Ó kéde ní ṣọ́ọ̀ṣì, ó kéde lórí rédíò Twi. Oṣù mẹ́rin kọjá, ẹnikẹ́ni ò yọjú. Ló bá kọ̀wé pé ọmọ náà ò lẹ́bí, kí adájọ́ jẹ́ kí tọkọtaya kan láti Accra gbà á ṣọmọ.

Ní àárọ̀ tó ṣáájú ìgbẹ́jọ́, a mú aṣọ tí mo rán fún Yaa lọ sílé Efua. Twi ni Ràzíátù ń bá a sọ gẹ́gẹ́ bí ìṣe rẹ̀. Fóònù dún, ìyá Ràzíátù ló pè.

"Ẹ káàárọ̀, Màámi!"

Yaa ju bisikíìtì ọwọ́ rẹ̀ sílẹ̀, ó fi orúnkún méjèèjì kúnlẹ̀. "Ẹ káàárọ̀ mà."

Ràzíátù gbé fóònù sílẹ̀, ó fi Yorùbá bi í pé, "Kí ni màmá ẹ ń pè ẹ́ nílé?"

"Bàráká."

Àwa méjèèjì mọ orúkọ yẹn! Ní oṣù mẹ́rin ṣáájú ọjọ́ yẹn, Sẹ̀kínátù tó ń dirun ní àdúgbò Aboabo sunkún wọ ṣọ́ọ̀bù wa pé Bàráká ọmọ òun sọnù ní Kejetia. Wọn kì í dárúkọ ọmọ alágbàtọ́ síta, Ràzíátù ò sì dárúkọ Yaa. Létí mi ló ti sọ fún Sẹ̀kínátù pé, "Kò sí ọmọ Yorùbá lọ́dọ̀ wa. Ọmọ Àṣáńtí kan ló wà ńbẹ̀." Ó ṣàdúà fún un, ó sìn ín dé ẹnu ọ̀nà. Mo wà níbẹ̀, mo ní àmín!

Lọ́jọ́ kejì, a mú Sẹ̀kínátù lọ sí kóòtù. Ràzíátù ya ìwé tó kọ níwájú adájọ́, ó sì jẹ́wọ́ gbogbo rẹ̀. Bàráká sáré lọ bá ìyá rẹ̀. Mo rò pé Sẹ̀kínátù máa pariwo lé wa lórí. Kò pariwo. Ó pọn ọmọ rẹ̀, ó dúró níwájú Ràzíátù.

"Àǹtí, ṣé Abena kọ́ ni wọ́n ń pe ẹ̀yin náà ní Kejetia?"