Ẹ̀gbọ́n mi fi wọ́kì-tọ́kì mi ta ṣọ́ọ̀ṣì lọ́rẹ

Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin fi ohun ìní mi ta ṣọ́ọ̀ṣì lọ́rẹ láìbi mí léèrè. Inú ń bí mi débi pé oúnjẹ ò wọlé.

Wọ́kì-tọ́kì olówó pọ́ọ́kú méjì ni mo ní. Irú rẹ̀ kì í gbọ́ràn nígbà tó bá ń sọ̀rọ̀. Èyí tó lè ṣe méjèèjì wọ́n ju agbára mi lọ, ìyẹn ni mo ṣe ra méjì. Mo ń fi ọ̀kan bá sátẹ́láìtì tó ń kọjá lójú ọ̀run sọ̀rọ̀, irú èyí tó ń dá ohùn èèyàn padà sílẹ̀, mo sì ń fi èkejì gbọ́ bóyá ohùn mi débẹ̀.

Láàárọ̀ yìí, sátẹ́láìtì ń bọ̀ lórí Òmù, ìlú wa. Kì í lò ju ìṣẹ́jú mẹ́wàá lọ kó tó wọ̀. Mo ṣí àpò, ọ̀kan ṣoṣo ni mo bá. Mo pe ẹ̀gbọ́n mi.

"Mo ti gbé e fún àwọn tó ń ṣọ́ ọkọ̀ ní ṣọ́ọ̀ṣì. Uṣẹ́ Olúwa ni. Ẹnu mélòó lo ní tó o fi ń lo méjì?"

Mo ní, "Bọ̀dá, ọ̀kan fún ẹnu, ọ̀kan fún etí."

Ó ní ìwé tí mo kà ló ń dà mí láàmú. Kó tó bú mi tán, sátẹ́láìtì ti lọ.

Lọ́sàn-án, òun ló pè mí. Mo rò pé ó fẹ́ bẹ̀ mí ni.

"Wọ́n ti ń pariwo sínú nǹkan yìí látàárọ̀, kò sẹ́ni tó dá wọn lóhùn. Tètè gbé èkejì wá."

Èmi náà ò tíì dá a lóhùn. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ní ẹ̀gbọ́n, kí ni kí n sọ?