Ìpìlẹ̀ Ilé Nọ́fíù ní Forestville

Tí ẹ bá gba Forestville, nílùú òyìnbó níbí, kọjá lónìí, tí ẹ rí àdúgbò kan tí ilé tò sí bí eyín àgbàdo, ẹ má rò pé káfíńtà ló kọ́ ọ. Móínmóín ló kọ́ ọ. Ẹ gbọ́ ọ lẹ́nu mi.

Lọ́dún 1993, ẹrẹ̀ pupa ni gbogbo ibẹ̀. Ẹrẹ̀ náà gbé bàtà mi kan mì, ọdún kejì ló tó hù jáde nínú ọgbà ẹlòmíràn. Abibat ní irọ́ ni mo ń pa, pé lójú ẹsẹ̀ la fà á yọ. Ẹni tó bá fẹ́ òótọ́ lásán, kó lọ bá Abibat.

Abibat yìí ni ìyàwó Nọ́fíù. Nọ́fíù, ọmọ Ìbàdàn, ń wa takisí, ó sì ti fi ọdún mọ́kànlá háyà yàrá méjì ní Langley Park, òun, ìyàwó àti ọmọ mẹ́ta. Òun ló kọ́kọ́ fọwọ́ sí ìwé ilé ní àdúgbò tuntun náà. Ṣùgbọ́n ilé-iṣẹ́ tó fẹ́ kọ́lé ti sọ ọ́ gbangba: bí ilé mẹ́jọ kò bá tíì rí olówó kí aago márùn-ún ìrọ̀lẹ́ Sátidé tó gbẹ̀yìn oṣù kẹwàá tó lù, àwọn á kó katakata àwọn lọ. Nígbà tó ku ọ̀sẹ̀ kan, márùn-ún péré, pẹ̀lú ti Nọ́fíù, ló ti tà. Mobáyọ̀, ọ̀rẹ́ Nọ́fíù tó ń gbé Hillcrest Heights, ní kó kúkú ra ewúrẹ́ kó máa dà á níbẹ̀.

Nọ́fíù ò ra ewúrẹ́. Ó ní òun á ṣe ìpìlẹ̀, torí ilé tí a bá ti gbàdúrà sí ìpìlẹ̀ rẹ̀ ò ní lè sọ pé òun ò wá mọ́.

Bó ṣe di Sátidé náà nìyẹn, tí igba ọkọ̀ tò sí ojú títì. Abibat ní mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n ni. Áfáà Zakariyya gbàdúrà láàárín igi mẹ́rin tí wọ́n rì mọ́lẹ̀, a tẹ́ ẹní, a ṣí kúlà móínmóín. Jessica, ọmọbìnrin tó ń ta ilé náà, sáré jáde ní ọ́fíìsì rẹ̀ wá sọ fún wa pé kò tíì sí ilé níbẹ̀. A fún un ní abọ́ kan. Ó jókòó.

Ọkùnrin dúdú kan, ọmọ ìlú náà, tó ti fẹ̀yìntì nínú iṣẹ́ ológun rí èrò, òun àti ìyàwó rẹ̀ dúró. Ó bi Nọ́fíù ohun tí a ń ṣe. Nọ́fíù ní ilé òun ni. Ọkùnrin náà wò yíká, ó béèrè ibi tí ilé wà. Nọ́fíù na ọwọ́ sí òfuurufú: pálọ̀ rèé, yàrá àwọn ọmọ wà lókè, inú kíṣìnì gan-an ni ẹ dúró sí yẹn. Ológun kúrò nínú kíṣìnì. Ìyàwó rẹ̀ rọra sọ sí i létí pé ó dájú pé àwọn èèyàn yìí mọ nǹkan kan. Wọ́n wọ ọ́fíìsì Jessica lọ fọwọ́ sí ìwé ilé. Tíṣà kan tẹ̀lé wọn. Ó ku ilé ẹyọ kan.

Aago márùn-ún ku ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Abibat ti ń ká ẹní, Nọ́fíù ò sì lè wo ojú rẹ̀. Mobáyọ̀ wà nídìí móínmóín rẹ̀ kẹsàn-án nígbà tí Bridget ìyàwó rẹ̀, tó ti ń fi ẹsẹ̀ wọn ilẹ̀ tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ti Nọ́fíù láti ọ̀sán, jáde ní ọ́fíìsì pẹ̀lú bírò lọ́wọ́.

“Dádì Joshua, ẹ wá fọwọ́ sí i.”

“Sí kí ni?”

“Sí ilé. Èmi ti fọwọ́ sí tèmi.”

“Bridget, mo ṣì ń jẹun.”

“Ẹ máa jẹ ẹ́ bọ̀.”

Mobáyọ̀ ní òun ò lè gbé ẹ̀gbẹ́ Nọ́fíù, torí ó máa ń hanrun.

“Bàbá Joshua,” Abibat dá a lóhùn, “èmi tí mo ń sùn tì í ńkọ́?”

Mobáyọ̀ fọwọ́ sí i. Epo móínmóín lu ìwé náà bí òǹtẹ̀. Bridget ní òun náà fẹ́ ìpìlẹ̀, la bá ru ẹní àti kúlà bọ́ sí ilẹ̀ kejì. Bridget dá orin ìyìn, Áfáà ń ṣe àmín. Jessica ru kúlà kan lórí. Abibat ní ó gbé e dání ni.

Lọ́jọ́ Ajé, katakata bẹ̀rẹ̀ sí í gbẹ́lẹ̀. Ilẹ̀ Mobáyọ̀ ni wọ́n sì kọ́kọ́ gbẹ́. Láti ọjọ́ náà ló ti ń sọ fún àlejò pé òun ló tẹ àdúgbò yẹn dó.