Àpá Ni Mo Wí, N Ò Wí Apá

Èmi o, nǹkan tètè máa ń rí mi lára. Tí ẹnìkan bá ti fẹnu kan ife, n ò ní fi ife náà mu omi mọ́, ìbáà ṣe ọmọ tí mo fi inú mi bí. Tí irun orí kan bá já bọ́ sínú oúnjẹ, oúnjẹ ọjọ́ náà ti parí fún mi nìyẹn. Ẹ wáá wo iṣẹ́ tó já mọ́ irú èmi lọ́wọ́: alágbàfọ̀! Láti àárọ̀ ni mo ti ń bá ọrùn ṣẹ́ẹ̀tì àwọn èèyàn jà, pẹ̀lú ìbọ̀sẹ̀ tó ti gan bíi pákó, àti aṣọ ìnujú tí wọ́n ti fun ikun sí, tí wọ́n wáá fara balẹ̀ ká a mérin bíi pé ẹ̀bùn ni wọ́n fẹ́ fi ta mí lọ́rẹ. Tùẹ̀! Ọmọ aráyé dọ̀tí. Ẹ má jẹ̀ẹ́ kí aṣọ funfun àti lọ́fínńdà tàn yín jẹ, èmi ni mo mọ ohun tó wà lábẹ́ abíyá yín.

Ọ̀rọ̀ àbúrò baálé mi obìnrin ni mo fẹ́ sọ. Mo fi ọdún díẹ̀ jù ú lọ, ṣùgbọ́n ilé ni mo bá a, nítorí náà ọkọ ló jẹ́ fún mi. N kì í pe orúkọ rẹ̀. Adúmáadán ni mo ń pè é, torí pé ó dúdú, ó sì ń dán. Èèyi ló gba ojú méjèèjì lọ́wọ́ rẹ̀ kó tó mọ ìrìn í rìn. Iléeṣẹ́ kan tí wọ́n ti ń ta táìlì ló ti ń ṣiṣẹ́, òun ló ń gba fóònù wọn. Àwọn oníbàárà tí táìlì wọn fọ́ á pe ibẹ̀ tìbínú tìbínú, kí wọ́n tó sọ gbólóhùn méjì, yóò ti pa wọ́n lẹ́rìn-ín, wọn yóò gbàgbé èpè tí wọ́n gbé wá.

Ṣùgbọ́n ohun tó fẹ́ràn jù láyé yìí, ìríra gbáà ni. Eré àfetígbọ́ kan wà tó máa ń jáde lórí fóònù lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Ìtàn ìlú kan tó wà lábẹ́ ẹrẹ̀ odò ni, àwọn ẹ̀dá abàmì ló ń gbé ibẹ̀. Eré náà ò ní àwòrán kankan, ohùn lásán ni. Ni àwọn tó fẹ́ràn rẹ̀ bá kóra jọ sórí fóònù, tí oníkálukú ń ronú kan ẹ̀dá tirẹ̀, tí wọ́n ń yà á, tí wọ́n ń fi han ara wọn. Ta ló bẹ̀ wọ́n níṣẹ́? Kò sí. Àwọn èèyàn tó ní ilé, tó ní ọmọ, ni wọ́n ń jókòó ya ohun tó ní ẹnu lábíyá.

Ọ̀sán Sunday ni Adúmáadán máa ń wá bá mi ní ṣọ́ọ̀bù. Á jókòó sórí àpótí lẹ́gbẹ̀ẹ́ tábìlì tí mo ti ń lọ aṣọ, á na fóònù rẹ̀ sí mi. Fóònù náà máa ń ka ọ̀rọ̀ sí i létí, ṣùgbọ́n tó bá kan àwòrán, "àwòrán" náà ló máa wí, á sì pa ẹnu dé.

"Ìyàwó mi, bá mi wò ó."

Ẹ̀yin èèyàn mi, ohun tí ojú mi ti rí! "Yéèpà! Adúmáadán, ẹ gbà mí! Abíyá lẹnu ẹ̀ wà!"

"Ó léyín?"

"Eyín kẹ̀? Èyí tó ti jẹrà, tó ní ihò! Itọ́ sì ń jáde níbẹ̀."

"Itọ́ náà, ṣé ó ń kán ni, àbí ó ń fà?"

"Ó ń fà! Bí ikun ọmọ tí ọ̀fìnkìn ń ṣe! Ẹ gba fóònù yín, èébì ti ń gbé mi o!"

Á wáá pàtẹ́wọ́, á rẹ́rìn-ín títí, á ní, "Áà, ayàwòrán yìí mọṣẹ́." Ìgbà mìíràn á mú ọṣẹ tó ti rọ̀ nínú abọ́ mi, á fi ọwọ́ mọ ohun tí mo ṣàpèjúwe, á ní kí n wò ó bóyá bó ṣe rí nìyẹn. Á jọ ọ́ débi pé n ò ní lè fi ọṣẹ náà fọ nǹkan kan mọ́.

Mo bi í lọ́jọ́ kan pé kí ló dé tí kì í ní kí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ máa bá a wò ó, kí èmi rójú ráyè. Ó yínmú. "Bọ̀dá mi? Gbogbo nǹkan ló dára lójú Bọ̀dá mi. Tí mo bá ní kí wọ́n wo nǹkan, 'ó dára' ni. Tí mo bá bi wọ́n pé báwo ló ṣe dára, 'ó ṣáà dára' ni. Ìwọ ni inú rẹ máa ń rú. Inú tó ń rú ò mọ irọ́ í pa."

Òótọ́ ló sọ. Baálé mi, oníṣẹ́ iná ni, èèyàn jẹ́jẹ́ ni. Kò lè pa eku. Tí mo bá se oúnjẹ tó jóná, "ó dára" ló máa wí, á sì jẹ ẹ́ tán.

Ìgbà tó yá ni àwọn tó ń ṣe eré náà kéde pé kí àwọn olólùfẹ́ eré dìbò, ẹ̀dá tí wọ́n bá yàn, àwọn yóò mú un wọ inú eré, àwọn yóò sì mọ ère rẹ̀ ránṣẹ́ sí ẹni tó ni ín. Ara Adúmáadán ò balẹ̀ mọ́. Ó ní, "Ìyàwó mi, gbogbo ẹ̀dá tí mo mọ̀, ẹnu ènìyàn ni mo ti gbọ́ ọ. Mo fẹ́ kí èyí tó ti inú orí mi jáde gba ojú ẹlòmíràn kọjá, kó wáá padà sí ọwọ́ mi. Ìgbà yẹn ni n ó mọ̀ bóyá ohun kan náà lèmi àtẹ̀yin jọ ń rí."

Ó wáá sọ ẹ̀dá tirẹ̀ fún mi. Alápàá ló pè é. Kò lójú, kò lẹ́sẹ̀. Àyà ló fi ń fà nínú ẹrẹ̀. Ọ̀rọ̀ ìkẹyìn àwọn tó bá kú sódò ló ń gbé mì, ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan tó bá sì gbé mì á di àpá sí i lára, àpá tó wú, tí kì í jiná, tó ń ṣọyún. Tí àwọn ẹ̀dá yòókù bá fẹ́ mọ ohun tí òkú sọ, ahọ́n ni wọ́n fi ń ka àwọn àpá náà.

"Ahọ́n?"

"Ahọ́n."

Mo gbàgbé áyọ́ọ̀nù sórí aṣọ oníaṣọ. Ibi tó jóná yẹn, èmi ni mo fi ẹnu mi tọrọ àforíjì.

Iṣẹ́ pọ̀ lọ́wọ́ mi lọ́sẹ̀ náà, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ló bá a tẹ gbogbo àlàyé náà ránṣẹ́ sí ọkùnrin ayàwòrán kan nínú ẹgbẹ́ wọn, tó ní òun yóò bá a yà á. Ta sì ló ń fi àmì ohùn sórí ọ̀rọ̀ lórí fóònù? Gbọrọgbọrọ báyìí ló tẹ̀ ẹ́. Nígbà tí àwòrán dé, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ náà ló kọ́kọ́ wò ó. Ó ní, "Ó dára gan-an. Bó o ṣe sọ ọ́ gẹ́lẹ́ ló rí." Adúmáadán bá ní kí wọ́n gbé e síta. Ni ẹgbẹ́ bá dàrú! Ìbò ń wọlé bí òjò, wọ́n ní omi ń bọ́ lójú àwọn. Inú rẹ̀ dùn, ó rò pé ẹ̀rù Alápàá ló ń pa wọ́n lẹ́kún.

Nígbà tó di Sunday, ó gbé e wá fún mi. Baálé mi tẹ̀ lé e, ó ní òun fẹ́ bá mi gbé àwọn àpò aṣọ. Mo ti fọwọ́ bo ẹnu mi sílẹ̀ kí n tó wò ó, torí mo mọ ara mi.

Mo wò ó. N ò rí nǹkan kan tó lè rú èèyàn nínú. Apá ni, apá rẹpẹtẹ, láti orí dé ìdí, gbogbo rẹ̀ ń jọ̀lọ̀ bí ara ọmọ tuntun, wọ́n tiẹ̀ kun èékánná rẹ̀. Wọ́n wáá fi ojú méjì ràgàjì síwájú rẹ̀, ó ń dán, omijé kan rọ̀ létí rẹ̀.

"Ìyàwó mi, kí ló dé? N ò gbọ́ ariwo rẹ."

Mo gbójú sókè. Baálé mi wà lẹ́yìn rẹ̀, ó pa ọwọ́ méjèèjì pọ̀, ó ń ṣẹ́jú sí mi, ó ń bẹ̀ mí pé kí n ṣáà sọ pé ó dára. Inú bí mi! Kí èèyàn dúró sẹ́yìn ẹni tí ò ríran, kó máa fi ojú sọ̀rọ̀ lórí rẹ̀!

"Bàbá Ìbejì," mo ní, "ẹ má fojú bá mi sọ̀rọ̀, ẹ fẹnu sọ ọ́."

Adúmáadán ò mira. "Ìyàwó mi, sọ ọ́."

"Kò rí mi lára rárá. Apá ló kún ara rẹ̀."

"Àpá ni mo sọ."

"N ò wí àpá. Apá! Apá tó lọ́wọ́, tó ní ìka!"

Ó wáá bú sẹ́rìn-ín, ó rẹ́rìn-ín títí ó fi dì mọ́ tábìlì. "Yéè! Àpá ni mo wí, n ò wí apá! Ẹ wo Alápàá tó di Alápá! Ìyẹn ò le, ó ṣeé túnṣe. Kí ló tún kù?"

"Ó lójú."

Ẹ̀rín náà tán.

Ọ̀rọ̀ kan wà tí ayàwòrán kọ sínú àwòrán náà fúnra rẹ̀, ibi tí fóònù ò lè kà á sí i létí. Mo kà á: *Mo fún un ní ojú, nítorí ẹni tó ni ín kò ní.*

Ọyún ò rí mi lára tó bẹ́ẹ̀ rí, itọ́ ò ṣe mí bẹ́ẹ̀ rí. Mo jáde, mo tutọ́ síta. Nígbà tí mo wọlé padà, Adúmáadán ṣì jókòó bó ṣe wà. Ó ní, "Kí ni Alápàá fẹ́ fi ojú ṣe nínú ẹrẹ̀?"

Baálé mi bẹ̀rẹ̀ sí í bẹ̀ ẹ́. "Jọ̀ọ́, gbà á bẹ́ẹ̀. Ó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ wọlé. Ère náà á dé ọwọ́ rẹ."

"Ère ta ni, Bọ̀dá mi?"

Ibẹ̀ náà ló ti fi ohùn ránṣẹ́ sí ẹgbẹ́ pé ẹ̀dá yẹn kì í ṣe tòun, kí wọ́n yọ ọ́ kúrò. Kí n tètè sọ ọ́ kí ẹ má baà máa bi mí: wọ́n pè é ní aláìmoore, wọ́n yọ ẹ̀dá náà, ọ̀pọ̀lọ́ kan tó lérí méjì ló wọlé. Kò sí ère kankan.

Adúmáadán gbé fóònù sórí ẹsẹ̀ rẹ̀. "Bọ̀dá mi, ẹ rí àwọn apá yẹn?"

"Mo rí i."

"Ẹ rí ojú yẹn?"

"Mo rí i. N ò fẹ́ kí inú rẹ bàjẹ́ ni."

"Lọ́jọ́ tí ìyá wa kú, mo dé ọsibítù, ọwọ́ wọn ti tutù. Mo bi yín pé báwo ni ojú wọn ṣe rí. Ẹ ní wọ́n ń rẹ́rìn-ín. Ẹ ní ó dára."

Baálé mi jókòó sórí àpò aṣọ ìdọ̀tí. N ò tíì rí i kó rí bẹ́ẹ̀ rí. Mo rò pé á tún sọ ohun tó máa ń sọ.

"Wọn ò rẹ́rìn-ín," ló wí. "Ẹnu wọn yà sí ẹ̀gbẹ́ kan. Ìfófòó ti gbẹ sí i. Ojú wọn kan ò pa dé."

"Èwo?"

"Tòsì. Eṣinṣin sì ń bà lé e."

Mo fi aṣọ bo ẹnu mi. Ìyá ọkọ mi ni o, obìnrin tó mọ́ tónítóní, ṣùgbọ́n mo fẹ́ sá jáde. Adúmáadán di etí aṣọ mi mú. Bó ṣe máa ń béèrè ọ̀rọ̀ àwọn àwòrán ẹlẹ́gbin yẹn náà ló ṣe ń béèrè, pẹ̀lú sùúrù.

"Ẹ lé eṣinṣin náà?"

"Mo lé e. Ó ń padà. Mo wáá fi ọwọ́ bo ojú náà títí nọ́ọ̀sì fi dé."

"Ọwọ́ wo?"

Baálé mi na ọwọ́ ọ̀tún sí i. Ó gbà á, ó dì í mú lórí ẹsẹ̀ rẹ̀.

"Ẹ ṣé, Bọ̀dá mi," ó ní. "Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ rí wọn ni."