Agolo Tí Mo Fi Eérú Fọ̀

Títí di òní, bí mo bá gbóòórùn ọsàn wẹ́wẹ́ tí wọ́n fún sínú eérú, ìka ọwọ́ mi a máa ta mí. Àárọ̀ Sátidé kan ló ń padà wá sọ́kàn mi, ní ẹ̀yìnkùlé wa ní Ùsì, tí ọyẹ́ ń fẹ́, tí mo jókòó sórí àpótí pẹ̀lú kànìnkànìn lọ́wọ́. Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ni mí nígbà náà. Mo rò pé oore ni mò ń ṣe bàbá mi.

Ohùn ìyá mi ni mo ń wá. Nọ́ọ̀sì ni, ìjọba sì ti gbé e lọ sí ilé ìwòsàn kékeré kan nítòsí Ọ̀tùn lọ́dún náà. Ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi á rántí pé fóònù alágbèéká kò tíì dé ọ̀dọ̀ wa nígbà yẹn. Ṣùgbọ́n bàbá mi, tíṣà sáyẹ́ǹsì, wà lára àwọn tó ń fi rédíò bá ara wọn sọ̀rọ̀ nítorí pé wọ́n kàn fẹ́ràn rẹ̀. Ìyá mi a máa fi ṣe yẹ̀yẹ́ pé bàbá mi kọ́kọ́ ní kí òun lọ gba ìwé àṣẹ rédíò ná, kó tó ní kí òun wá di ìyàwó rẹ̀.

Orí òkè lẹ́yìn ìlú ni rípítà wọn wà, ẹ̀rọ tó ń gba ohùn láti ìlú kan tó sì ń tún un sọ kó lè dé ìlú mìíràn. Láràárọ̀, kí n tó lọ sílé ìwé, ohùn ìyá mi a gba orí òkè yẹn wọ pálọ̀ wa. "Àjọkẹ́, ṣé o ti jẹun? Óòfà." "Óòfà" ni wọ́n máa ń wí bí ó bá kan ẹnì kejì láti sọ̀rọ̀. Màá ní mo ti jẹun. N kì í sọ fún un pé ògì tí bàbá mi pò tún ti di kókó, mo sì ti dà á fún adìyẹ.

Nígbà tí ọyẹ́ dé, ariwo bẹ̀rẹ̀ nínú rédíò. Ó ń ta pàrà-pàrà bí epo gbígbóná tí omi kán sí, ohùn ìyá mi sì ń já sínú rẹ̀. Lọ́jọ́ kan, "Àjọkẹ́" nìkan ni mo gbọ́, ìyókù bá ariwo lọ. Mo sunkún dé ilé ìwé. Bàbá mi pààrọ̀ wáyà, ó gun òpó eríàlì, ó tún un dì, ariwo kò lọ. Ó ní ó ku àwọn agolo ara rípítà.

Agolo mẹ́rin ni, wọ́n ga dé ìbàdí mi. Eríàlì kan ṣoṣo ni rípítà fi ń gba ohùn tó sì fi ń sọ ọ́ jáde. Àwọn agolo yìí ló ń ya ohùn tó ń wọlé sọ́tọ̀ kúrò lára èyí tó ń jáde. Bàbá mi fi ọ̀kadà kó wọn wálé ní ọjọ́ Jímọ̀. Ní Sátidé, kò tíì ju ìdérí ọ̀kan tó ṣí tí wọ́n fi wá pè é sí ìpàdé ṣọ́ọ̀ṣì. Kò sọ pé kí n má fọwọ́ kàn án. Ta ni yóò rò pé ọmọ á fẹ́ fọwọ́ kan agolo?

Mo yọjú wo inú rẹ̀, ó dúdú bí ìdí ìkòkò. Ọmọ ìyá mi sì ni mí. Nílé wa, kí Kérésì tó dé, gbogbo ìkòkò la máa ń fi eérú àti ọsàn wẹ́wẹ́ fọ̀ títí èèyàn á fi rí ojú ara rẹ̀ nínú wọn. Ìyá mi a máa sọ pé, "Ohun tí a bá fẹ́ràn là ń fọ̀." Mo fọ agolo náà títí ìka mi fi bó, tí dúdú yẹn lọ, tí idẹ pupa sì yọ. Mo gbé e sí oòrùn, inú mi sì dùn gan-an.

Bàbá mi dé, ó wo inú rẹ̀ fún ìgbà pípẹ́. Kò pariwo. Ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ pẹ̀lú ṣòkòtò ṣọ́ọ̀ṣì tó wọ̀.

"Kí ló dé tí o fi fọ̀ ọ́?"

"Kí n lè gbọ́ Màmá ni."

Ó mú ọwọ́ mi, ó wo ibi tó bó. Bí àánú bá ṣe é, Èkìtì ni í sọ. "Uṣẹ́ rẹ dáa," ó ní, "ubi tí o ti ṣe é ni kò dáa. Dúdú yẹn kì í ṣe èérí, fàdákà ni. Fàdákà a máa dúdú, fàdákà náà ni." Fàdákà fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tí wọ́n fi bo inú agolo kí ohùn lè gba ibẹ̀ kọjá dáadáa ni mo ti fi eérú ha dànù. Mo bú sẹ́kún, nítorí mo rò pé mo ti pa ohùn ìyá mi.

Lẹ́yìn ìsìn ọjọ́ Àìkú, ó mú mi dání lọ sórí òkè. Ó to àwọn agolo padà sára rípítà, ó tan ẹ̀rọ, ó sì ń fi èèkù sukudíráfà kàn wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, bí ìgbà tí èèyàn ń gbá ọmọ lẹ́yìn kó lè gùnfẹ̀. Èyí tí mo fọ̀ kò fọhùn. Ìkejì kò fọhùn. Nígbà tó kan ìkẹta, ariwo dáhùn pàrà. Ó tún kàn án, ó tún dáhùn.

"A ti mú un," ni bàbá mi wí.

Ó pa ẹ̀rọ, ó ṣí i. Ọ̀pá kan dúró láàárín rẹ̀, àwọn ìka idẹ wẹ́wẹ́ sì yí i ká, iṣẹ́ wọn ni kí wọ́n dì í mú. Méjì nínú wọn ti rọ̀, wọ́n sì ń gbọ̀n lára ọ̀pá. Ọwọ́ bàbá mi tóbi jù, kò wọlé. Ó rẹ òwú sínú sípírítì, ó ní kí n nu ìka kọ̀ọ̀kan, kí n sì rọra tẹ̀ wọ́n padà. Sípírítì náà ta mí débi pé omi bọ́ lójú mi. N kò sọ fún un.

Láàárọ̀ ọjọ́ Ajé, ohùn ìyá mi dé láìsí ariwo. Ó rẹlẹ̀ díẹ̀, nítorí agolo tí mo fọ̀ ń jẹ lára agbára rẹ̀, mo sì ní láti gbé etí lé rédíò. Bàbá mi ní, "Ọmọ rẹ bá mi fọ ìkòkò," ó sì rò ó fún un látòkèdélẹ̀. Ìyá mi rẹ́rìn-ín títí, kò rántí gbé ọwọ́ kúrò lórí bọ́tìnnì tí a máa ń tẹ̀ bí a bá ń sọ̀rọ̀. Gbogbo ẹ̀rín náà ni mo gbọ́.

Bàbá mi ti dolóògbé báyìí. Iṣẹ́ ẹ̀rọ ni mò ń kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ní Ìkọ̀lé, agolo yẹn sì wà lórí tábìlì mi láti ìgbà tí wọ́n ti fi òmíràn rọ́pò rẹ̀. Mo máa ń sọ fún wọn pé kí wọ́n kàn án kí wọ́n tó ṣí i, kí wọ́n má sì fọ fàdákà. Mo gbọ́n ju ọmọ ọjọ́sí lọ dáadáa. Lánàá, ìyá mi, tó ti fẹ̀yìn tì sí Ùsì, pè mí lórí fóònù lẹ́ẹ̀mẹta. Mo rí i. Mo da ojú fóònù dé, mo ń máàkì ìwé ìdánwò.

Láàárọ̀ yìí, mo bá ara mi níbi tí mo ti ń wo agolo náà. Mo rántí ọmọ tó fọ̀ ọ́ títí ọwọ́ rẹ̀ fi bó nítorí ohùn kan ṣoṣo yẹn, ojú sì tì mí. Mo pe ìyá mi. Kò bèèrè ibi tí mo wà lánàá.

"Àjọkẹ́, ṣé o ti jẹun?"

Ohùn rẹ̀ mọ́ kedere.

"N kò tíì jẹun, Màmá," ni mo wí. "Ẹ máa sọ̀rọ̀. Mò ń gbọ́ yín."